Ojú Aago: Ta Ni Ó Yan Bí A Ṣe Ń Ka Àkókò?

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá ní ìrọ̀lẹ́ yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ eré. Ìbéèrè náà nìyí: irú aago wo ni ó wù yín láti máa wò? Ṣé olójú róbótó ni, èyí tí ó ní ọwọ́ gígùn àti ọwọ́ kúkúrú, tàbí èyí tí ó ń fi nọ́ńbà nìkan hàn? Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ṣé aago mẹ́jọ alẹ́ ni ẹ ó pè é, tàbí aago ogún?

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé aago méjì ọ̀sán ni, kí a sì bi ènìyàn mẹ́rin léèrè nínú agbo ilé kan ṣoṣo. Bàbá yóò gbójú sókè wo aago ara ògiri, yóò ní aago tí kò ní ọwọ́ kì í ṣe aago. Ọmọ rẹ̀ tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yóò ní nọ́ńbà ni òun lè tètè kà. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tí ó jẹ́ sójà yóò ní aago mẹ́rìnlá ni àwọn ń pè é ní bárékè, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe ní í ní àṣìgbọ́. Ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yóò wo òjìji igi tí ó wà ní àgbàlá, yóò sì ní oòrùn ti yẹ àtàrí. Olúkúlùkù wọn ni yóò rò pé ti òun ni ó bá ọgbọ́n mu jù lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé kò sí èyíkéyìí nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tí ó bá oòrùn sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Ènìyàn ni ó yàn wọ́n, nítorí iṣẹ́ kan pàtó tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí a bá mọ iṣẹ́ tí ó bí ojú aago kan, a ó mọ ìdí tí àwọn kan fi fẹ́ ẹ tí àwọn mìíràn sì fi kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ máa ń fagi lé ìwé ọmọ tí kò ka àkókò bí ẹ ti ń kà á.

Kí ojú ó tó rí àkókò lára aago, etí ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èdè wa gan-an jẹ́rìí sí i. Ohun tí a ń wò lára ògiri tí a ń pè ní aago, agogo ni orúkọ rẹ̀. Irin tí a ń lù kí ó dún ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Títí di òní ni a sì ń wí pé aago mẹ́fà ti lù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aago tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ wa kò lu ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe: ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún aago wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn àtijọ́ náà, clocca, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ agogo.

Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá ni àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgbá kẹ̀kẹ́ eléyín ṣe aago. Àwọn ẹlẹ́sìn tí ó ń gbé inú ilé àdúrà fẹ́ mọ àkókò àdúrà wọn, àwọn oníṣòwò ìlú sì fẹ́ mọ ìgbà tí ọjà yóò ṣí àti ìgbà tí yóò tú. Aago kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Salisbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a máa ń kà sí ti ọdún 1386. Aago náà kò ní ojú rárá. Òkúta ìwọ̀n ni ó ń fa okùn, okùn ń yí àgbá kẹ̀kẹ́, òòlù sì ń lu agogo ní iye ìgbà tí wákàtí bá jẹ́. Ẹni tí ó wà ní oko gbọ́ ọ, afọ́jú gbọ́ ọ, ẹni tí kò mọ̀wé náà gbọ́ ọ. Nígbà náà kò sí ẹni tí a lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ aago kà. Kí ó sáà ti lè ka iye ìgbà tí irin dún, ó tó.

Nígbà tí wọ́n wá fi ojú sí aago ni ìyàn bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà wo ni kí a kọ sí i? Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti pín ọ̀sán sí ọ̀nà 12, wọ́n sì ti pín òru náà sí ọ̀nà 12. Wákàtí wọn kì í gùn bákan náà, nítorí pé ní ìgbà tí ọ̀sán bá gùn ju òru lọ, wákàtí ọ̀sán náà a gùn ju ti òru lọ. Àwọn ará Bábílónì ní tiwọn ni ó fi ọgọ́ta ṣe ìpìlẹ̀ òǹkà, láti ọ̀dọ̀ wọn sì ni ìṣẹ́jú 60 inú wákàtí kan ti ṣẹ̀ wá. Ní ti ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí, òjìji ni a sọ pé wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní apá àríwá ayé, bí a bá ri igi mọ́lẹ̀ nínú oòrùn, bí òjìji rẹ̀ ti ń yí kiri ni ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ní apá gúúsù ayé, òdìkejì rẹ̀ ni òjìji ń yí sí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà sórí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ítálì, wọn kò gba 12 lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni wọ́n ti ń ka wákàtí wọn, láti orí 1 dé 24. Lórí ògiri inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú Florence, ayàwòrán kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paolo Uccello kun ojú aago kan ní ọdún 1443. Nọ́ńbà 24 ni ó wà lójú rẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ní, ọwọ́ náà sì ń yí ní òdìkejì ọ̀nà tí ọwọ́ aago tiwa ń gbà. Aago náà ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ẹni tí ó bá rí i lónìí lè rò pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Bí aago bá lu 21, àgbẹ̀, bíríkìlà àti arìnrìn-àjò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ó ku wákàtí mẹ́ta kí oòrùn ó wọ̀. Ní ayé tí kò sí iná mànàmáná, tí a sì ń ti ẹnu ibodè ìlú ní alẹ́, kí ni ó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ?

Ìṣòro kan wà nínú rẹ̀ ṣá. Bí agogo bá ní láti lu láti 1 dé 24, yóò lu ní ìgbà 300 láàárín ọjọ́ kan. Ta ni yóò sì ka ìró 23 lórí ibùsùn tí kò ní ṣi í kà? Bí ó bá jẹ́ pé 12 lẹ́ẹ̀mejì ni, yóò lu ní ìgbà 156. Àwọn ará Ítálì kan tilẹ̀ wá ọ̀nà mìíràn: wọ́n pín ọjọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n sì ń ka wákàtí láti 1 dé 6 nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Ìró 84 péré ni ìyẹn. Aago olójú mẹ́fà bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára ààfin Quirinale ní ìlú Róòmù. Ẹ ò rí i pé àánú etí olùgbọ́ àti ìnira ẹ̀rọ wà lára ohun tí ó pinnu iye nọ́ńbà tí a kọ sí ojú aago.

Ní ìlú Prague, àwọn aláṣẹ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Aago ńlá tí a kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1410 ń fi ìṣirò ju ẹyọ kan lọ hàn ní ojú kan náà. Òrùka kan ń ka 1 dé 24 láti ìgbà tí oòrùn wọ̀, òrùka mìíràn sì ń ka 12 lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó fẹ́ èyí wo èyí, ẹni tí ó fẹ́ tọ̀hún wo tọ̀hún. Àwọn àgbà wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó wà lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ aago, nítorí pé aago ayé ìgbà náà a máa ṣìnà tó bẹ́ẹ̀ tí kíka ìṣẹ́jú kò fi wúlò. Ní ọdún 1656 ni Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, ṣe aago tí irin fífì ń darí. Àṣìṣe aago dínkù gidigidi, lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ ìṣẹ́jú sì wá wọ́pọ̀. Bí ọwọ́ gígùn ti dé ni ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ó tó dé, kò sí ẹni tí a lè bá wí fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé ilẹ̀ Faransé, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù lọ wà. Lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú ti dojú ìjọba ọba bolẹ̀, àwọn aṣòfin tuntun fẹ́ tún gbogbo nǹkan ṣe ní ìbámu pẹ̀lú òǹkà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1793, wọ́n fi òfin múlẹ̀ pé ọjọ́ kan yóò ní wákàtí 10, wákàtí kọ̀ọ̀kan yóò ní ìṣẹ́jú 100, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan yóò sì ní ìpín 100. Ọ̀sán gangan di aago márùn-ún. Wákàtí tuntun kan gùn tó ìṣẹ́jú 144 ti àtijọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ aago ṣe ojú aago tuntun, wọ́n sì kọ nọ́ńbà àtijọ́ mọ́ ọn lára, kí ẹni tí ó rà á má baà sọnù sínú ọjọ́ ara rẹ̀.

Ní ti ìṣirò, kò sí àbùkù nínú ètò yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní láti kó ìṣẹ́jú 47 mọ́ ìṣẹ́jú 38 mọ̀ pé òǹkà ọgọ́rùn-ún yóò rọrùn ju òǹkà ọgọ́ta lọ. Síbẹ̀, kò pé ọdún méjì tí ó fi wó lulẹ̀. Òfin ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1795 ni ó dá a dúró. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé òfin yìí kan náà ni ó fi ìdí mítà àti gíráàmù múlẹ̀, àwọn ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ayé kan lónìí. Kí ni ó dé tí ọ̀kan fi yè tí èkejì fi kú? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Kí mítà ó tó dé, ìwọ̀n aṣọ àti ìwọ̀n ọkà ìlú kan yàtọ̀ sí ti ìlú kejì, àwọn oníjìbìtì sì ń rí ọ̀nà jẹ. Mítà tán ìyà kan tí àwọn ènìyàn ń jẹ. Ṣùgbọ́n wákàtí 24 ti jẹ́ ọ̀kan náà fún tálákà àti ọlọ́rọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń fi í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Aago tuntun béèrè pé kí gbogbo ènìyàn ju ohun ìní wọn nù, kí wọ́n sì sọ ohun tí ara wọn ti mọ́ dànù, láìsí èrè tí wọ́n lè fojú rí. Òfin lè yí ojú aago padà ní ọjọ́ kan. Kò lè yí ara ènìyàn padà bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ìtàn aago oníwákàtí 24 ti òde òní. Ní ọdún 1876, Sandford Fleming, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní ilẹ̀ Kánádà, wà ní ìrìn-àjò ní Írẹ́lándì. Ìtàn sọ pé ọkọ̀ ojú irin fi í sílẹ̀ ní ibùdókọ̀, nítorí pé ìwé àkókò ìrìn ọkọ̀ kọ ìrọ̀lẹ́ sí ibi tí ó yẹ kí ó kọ òwúrọ̀ sí. Láti ìgbà náà ni ó ti ń jà fún ìṣirò tí kò ní òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ nínú. Nígbà tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 25 pé jọ sí Washington ní ọdún 1884 láti yan Greenwich ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò àkókò ayé, wọ́n fẹnu kò pé kí a máa ka wákàtí ọjọ́ gbogbo-ayé láti òdo dé 24. Rélùwéè Ítálì gbà á ní ọdún 1893. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní ọdún 1915, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wọn sì gbà á ní ọdún 1918. Ní ọdún 1934, ilé-iṣẹ́ BBC dán an wò lórí rédíò fún oṣù díẹ̀. Ara àwọn olùgbọ́ kò yá sí i, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ọdún 1964 ni rélùwéè ilẹ̀ náà tó wá gbà á sínú ìwé àkókò rẹ̀.

Nítorí náà, ará Lọ́ńdọ̀nù tí ó bá dé ibùdókọ̀ ojú irin yóò ka 20:00 lára ògiri, yóò sì wí fún ìyàwó rẹ̀ pé aago mẹ́jọ ni ọkọ̀ àwọn yóò gbéra. Ojú rẹ̀ ń ka òǹkà kan, ẹnu rẹ̀ ń sọ òmíràn, kò sì sí ìjà láàárín wọn. Níbi tí àṣìṣe lè ba ìrìn-àjò jẹ́ tàbí kí ó pa ọmọ ogun, àwọn ènìyàn gba 24. Nínú ilé, níbi tí gbogbo wọn ti mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, wọn kò rí ìdí láti gbà á.

Àwọn mìíràn kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Túrkì, wíwọ̀ oòrùn ni aago 12. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ní láti tún aago ṣe, nítorí pé oòrùn kì í wọ̀ ní àkókò kan náà. Ní ìparí ọdún 1925 ni ìjọba tuntun fi òfin pa á rẹ́. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ẹ̀wẹ̀, àwọn tí ó ń sọ èdè Swahili àti àwọn ará Etiópíà ń ka wákàtí láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ọwọ́ aago lè wà lórí 7, kí ẹnu wọn ó sì wí pé aago kan ti lù, nítorí pé wákàtí kan ni oòrùn tí ì yọ. Àlejò a ní wọ́n ṣi aago kà. Wọn kò ṣì í kà. Ọjọ́ tiwọn ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ojú gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

Àwa ńkọ́? Ní ọdún 1919 ni a fi gbogbo Nàìjíríà sí abẹ́ àkókò kan ṣoṣo, èyí tí ó fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich. A gba aago lọ́wọ́ Òyìnbó, a gba wákàtí láti inú èdè Lárúbáwá nípasẹ̀ àwọn Hausa, ṣùgbọ́n a kò jọ̀wọ́ ahọ́n wa. A ní ìdájí, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́ àti ọ̀gànjọ́ kí aago ó tó dé, a sì fi wọ́n ti aago lẹ́yìn. Aago méje àárọ̀ kò lè di aago méje alẹ́ ní ẹnu Yorùbá. Ẹ tún wo ìṣẹ́jú: ìgbà tí ojú fi ṣẹ́ ni àwọn baba wa fi sọ ọ́ lórúkọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò. Ara ènìyàn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ní ọdún 1972 ni wọ́n gbé aago ọwọ́ Pulsar jáde sí ọjà ní Amẹ́ríkà, èyí tí kò ní ọwọ́ kankan. Iná pupa ni ó fi ń kọ nọ́ńbà, ẹni tí ó ni ín sì ní láti tẹ bọ́tìnì kí ó tó rí i. Owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 2,100. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi di ọjà pọ́ọ́kú, ó sì wà lójú tẹlifóònù gbogbo wa nísinsìnyí. Nọ́ńbà ń sọ ohun tí àkókò jẹ́ ní pàtó. Ojú róbótó ń fi ohun tí ó ti lọ àti ohun tí ó kù hàn, bí ìgbà tí a bá wo ìdajì iṣu tí ó ṣẹ́kù nínú àwo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sí ìdí ìdánwò fẹ́ mọ ohun tí ó kù. Nọ́ọ̀sì tí ó ń kọ ìgbà tí ó fún aláìsàn lóògùn fẹ́ mọ ohun tí ó jẹ́ ní pàtó. Àwọn méjèèjì jàre.

Mo ní a ó padà sórí ọ̀rọ̀ òjìji. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ìjọba ilẹ̀ Bòlífíà, tí ó wà ní apá gúúsù ayé, yí aago iwájú ilé aṣòfin wọn ní ìlú La Paz padà, kí ọwọ́ rẹ̀ máa yí sí òdìkejì, bí òjìji ti ń yí ní ilẹ̀ wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ kò pa mí lẹ́rìn-ín: ta ni ó sọ pé ọ̀nà tí òjìji gbà ní oko ẹlòmíràn ni kí tiwa náà gbà?

Ẹ̀yin olùkọ́, ibi tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tì sí nìyí. Ẹ kọ́ ọmọ ní ojú róbótó, ẹ kọ́ ọ ní nọ́ńbà, ẹ sì kọ́ ọ ní òǹkà 24, nítorí pé ayé tí ó ń lọ yóò béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá wí fún yín pé ìyá àgbà òun ń fi òjìji ka àkókò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ mú gbogbo kíláàsì jáde sínú oòrùn, ẹ ri igi mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ́ wọn. Inú òjìji yẹn ni aago ara ògiri yín ti kọ́ bí a ti ń rìn.

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, bí àwọn àgbà ti wí. Mo ti wo ojú aago tán. Ó kan ojú yín wàyí. Ẹ jẹ́ kí ìjíròrò ó bẹ̀rẹ̀.